Mo Jẹ Edé Àjíbíkẹ́, Mo Fún Un Ní Pọ̀nmọ́

Ẹ ti gbọ́ ti obìnrin tó gba ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ti ọkùnrin tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tó sì sá lọ. Tèmi kò tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè sọ ọ́ kí ojú má tì mí. Èmi já oúnjẹ gbà lẹ́nu ohun kan tí kò lójú, tí kò lẹ́sẹ̀, tí kò sì lè fẹjọ́ sùn. Díẹ̀ báyìí ló kù kí ìgbéyàwó mi tìtorí rẹ̀ fọ́.

Morọ́lá ni orúkọ mi. Tíṣà ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsọlọ̀, ọ̀dọ̀ màmá mi ní Jakande Estate ni mo sì ń gbé nígbà náà. Kọ́láolúwa ni ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò ní wàhálà kankan, àfi pé kì í ṣe ohunkóhun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n yẹn ni Bọ̀dá Bọ̀wálé. Àwọn ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí òbí wọn kú, àwọn ni yóò kọ lẹ́tà ìtọrọ, àwọn ni yóò kó ẹbí wá sílé wa. Bí Bọ̀dá bá ní rárá, rárá náà ni.

Pápákọ̀ òfurufú ni Bọ̀dá ti ń ṣiṣẹ́, Àjàó Estate ni wọ́n ń gbé. Wọn kò láya, wọn kò lọ́mọ, wọn kò tiẹ̀ ní tẹlifíṣàn. Ohun tí wọ́n ní ni àpótí gíláàsì ńlá kan láàárín pálọ̀, tó kún fún omi iyọ̀ bíi ti òkun, tí iná búlúù ń tàn lórí rẹ̀. Wọ́n ra ìnfátà nítorí rẹ̀. Ìnfátà yẹn kì í gbé fáànù, omi yẹn nìkan ló wà fún.

Inú omi náà ni Àjíbíkẹ́ wà.

Ẹ má rò pé ènìyàn ni. Ẹran inú òkun ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i, òdòdó lẹ máa pè é. Àwọn òyìnbó ń pè é ní anẹ́móònì. Ó lẹ̀ mọ́ òkúta, ó ní ọwọ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bíi ọgọ́rùn-ún tó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹnu rẹ̀ sì wà láàárín gbogbo ọwọ́ yẹn. Ẹja kékeré méjì aláwọ̀ ọsàn, onílà funfun, ló fi àárín ọwọ́ náà ṣe ilé. Bọ̀dá ló sọ ọ́ ní Àjíbíkẹ́. Àràárọ̀ ni wọ́n máa ń kí i kí wọ́n tó kí ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, ibi iṣẹ́ rán Bọ̀dá lọ sí Addis Ababa fún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

"Morọ́lá, mo fẹ́ fi Àjíbíkẹ́ sọ́wọ́ rẹ. Wá máa gbé ibí títí mo fi máa dé."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wọ̀rí. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Mo máa wọ̀rí. Gbọ́ mi dáadáa. Túsìdeè àti Fúráìdeè ló máa ń jẹun. Edé tútù ni. Gé e kó tó èékánná àtàǹpàkò rẹ, fi ẹ̀mú gígùn yìí gbé e sí i lọ́wọ́, á gbé e sẹ́nu fúnra rẹ̀. Kò gbọdọ̀ kan ata, kò gbọdọ̀ kan epo. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Tí mo bá dé tí mo bá a láyọ̀, lọ́jọ́ yẹn gan-an la máa mú ọjọ́ ìtọrọ. Ẹni tó bá lè tọ́jú ohun tí kò lè sọ̀rọ̀, kò ní fìyà jẹ àbúrò mi."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Màmá mi ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ pé ọmọ òun ń lọ ilé ọkọ. Kí ló wá le nínú kéèyàn fún òdòdó lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹrin?

Bọ̀dá ṣí fíríìsà láti fi oúnjẹ Àjíbíkẹ́ hàn mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí edé.

Edé tí à ń jẹ nílé wa ni gbígbẹ, èyí tí wọ́n ti lọ̀ kúnná tí èèyàn kò lè dá ojú rẹ̀ mọ̀ mọ́. Èyí tí mo rí yìí tóbi bí ìka àárín ọwọ́ mi. Ara rẹ̀ ń dán. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti bó o, ó kún ọ̀rá ńlá kan bámúbámú. Mo gbé itọ́ mì. Bọ̀dá rò pé ẹ̀rù iṣẹ́ ló ń bà mí, wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká.

Ní Túsìdeè àkọ́kọ́, mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe é. Mo gé edé, mo fi ẹ̀mú gbé e síbẹ̀. Àjíbíkẹ́ fọwọ́ kó o, ó ká gbogbo ọwọ́ rẹ̀ jọ wẹ́rẹ́, ó gbé e sẹ́nu, ó sì mì ín. Ó wú mi lórí gan-an. Mo ya fídíò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Bọ̀dá, wọ́n sì fi àdúrà gígùn dá mi lóhùn.

Ìyókù edé tí mo gé wá wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n jù ú nù ni? Ìfiṣòfò kò dáa. Mo fi bọ́tà díẹ̀ dín in.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Ní Wẹ́sìdeè, mo jẹ mẹ́ta. Mo sọ fún ara mi pé ọwọ́ mi ló ṣèèṣì bu mẹ́ta. Ní Tọ́sìdeè, mo kó márùn-ún sínú ínídómì, n kò sì bá ara mi sọ nǹkan kan mọ́. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ní Fúráìdeè, mo fún Àjíbíkẹ́ ní tirẹ̀, mo sì jẹ tèmi. Èmi kì í ṣe ìkà, a jọ ń jẹ ẹ́ ni.

Ní Sọ́ńdè, Kọ́láolúwa wá kí mi láti Àgọ́ Palace lẹ́yìn ìsìn. Mo fẹ́ kó mọ irú ìyàwó tó ń bọ̀ nílé rẹ̀, ni mo bá fi edé se ọbẹ̀. Ó bu àkọ́kọ́ sẹ́nu, ó gbójú sókè.

"Morọ́, níbo lo ti rí irú edé yìí?"

"Ọjà."

"Ọjà wo?"

"Kọ́lá, jẹun jọ̀ọ́."

Ó jẹ, ó lá abọ́, ó lá ìka. Ó ní, "Tí Bọ̀dá bá tọ́ ọbẹ̀ yìí wò pẹ́ẹ́, wọn ò ní í tún dúró ká mú ọjọ́ mọ́." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín yẹn kò dé ìsàlẹ̀ inú mi.

Nígbà tó fi di Túsìdeè kejì, ọ̀kan ṣoṣo ló kù nínú ọ̀rá. Mo gé tirẹ̀ fún Àjíbíkẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyókù.

Mo ní ní Tọ́sìdeè, màá yà lọ́jà ra edé díẹ̀, kódà kó jẹ́ kékeré. Ní Tọ́sìdeè, ọ̀gá wa pe ìpàdé. Ní Fúráìdeè, bí ilé ìwé ṣe ń parí ni òjò dé. Irú òjò tí í sọ òpópónà Ìsọlọ̀ di odò ni. Mo fẹsẹ̀ wọ́ omi dé Àjàó Estate, bàtà lọ́wọ́, gèlè lórí bí àkísà. Mi ò tíì pààrọ̀ aṣọ tí Bọ̀dá fi pè.

"Morọ́lá, Fúráìdeè ló dé o. Ṣé ó ti jẹun?"

"Ó ti jẹun, sà."

"Edé?"

"Edé ni, sà. Ó tiẹ̀ fẹ́ sí i."

Inú wọn dùn débi pé wọ́n rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ìgbà tí wọ́n gé fóònù ni mo yíjú wo Àjíbíkẹ́. Gbogbo ọwọ́ rẹ̀ nà sókè, ó ń retí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní tí mo bá lè fún un ní nǹkan, ohunkóhun, irọ́ mi á di òtítọ́.

Ohun tó wà nílé ni ẹ̀fọ́ rírò mi, pọ̀nmọ́ sì ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ bá mi rò ó. Pọ̀nmọ́ ni wọ́n fi tọ́ èmi. Ó rọ̀, ó ń yọ̀, bí ẹ bá wò ó dáadáa, ó jọ ohun tó ti inú òkun wá. Mo fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta kí ata lè kúrò. Nítorí pé ẹ̀rí ọkàn ń dà mí láàmú, mo gé e ńlá ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fi ẹ̀mú gbé e sí i.

Ó gbà á! Ó kó ọwọ́ bò ó, ó sì gbé e mì. Mo pàtẹ́wọ́, mo jó yí pálọ̀ po.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Sátidé, Àjíbíkẹ́ ti ká jọ. Kò sí ọwọ́ kankan níta mọ́. Ó wá rí ródóródó bí owó tí ìyá àgbà dì sí etí ìró. Epo ń dán lórí omi. Àwọn ẹja méjèèjì dúró sí igun kan, wọ́n ń wò mí. Mo mọ̀ pé ẹja kì í fi ojú báni wí, ṣùgbọ́n àwọn yẹn bá mi wí.

Fóònù dún. Bọ̀dá ni, fídíò sì ni.

"Yí kámẹ́rà síbẹ̀ kí n rí i. Ọ̀la ni mò ń bọ̀, ara mi ò gbà á mọ́."

"Nẹ́tíwọọ̀kì ò dáa, sà."

"Kò dáa báwo? Mò ń rí ẹ kedere."

"Èmi lẹ̀ ń rí, sà. Nẹ́tíwọọ̀kì ò dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀."

Mo gé fóònù, mo tún fi fídíò Túsìdeè àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Wọ́n ní, "Ah, wo bí awọ rẹ̀ ṣe ń dán! Ọlọ́run á bù kún ẹ." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí n kò mọ ohun tí màá ṣe mọ́, mo pe Ìyá Salimat tó ń gbé ìsàlẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń ta aṣọ ọmọdé ní Òṣòdì. Ó wò ó látòkè délẹ̀.

"Kí lẹ fún un jẹ?"

Mo sọ fún un.

"Ó tán! Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Inú rẹ̀ ló wú yẹn." Ó sáré sọ̀kalẹ̀ lọ gbé ìgò àgbo wá. "Ọmọ tí ò bá fẹ́ gbà á, ṣe la máa ń rọ ọ́. Ẹ di imú rẹ̀ mú, kí n dà á sí i lẹ́nu."

"Ìyá Salimat, kò nímú."

"Kò nímú?"

"Kò nímú rárá."

Ó ronú díẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká dà á sínú omi nígbà náà. Yóò mu ún tí òǹgbẹ bá gbẹ ẹ́."

Ìdérí ìgò kan péré la dà. Omi pọ́n bíi tíì. Àwọn ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Mo kígbe, Ìyá Salimat kígbe, ó gbé ìgò rẹ̀, ó ní òun gbàgbé nǹkan sórí iná.

Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń fi abọ́ gbọ́n omi jáde, tí mo ń da omi iyọ̀ tí Bọ̀dá ti pò sínú kẹ́ẹ̀gì sí i. Ìbàdí mi fẹ́ já. Gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ ni mo gbà. Mo ṣèlérí fún Ọlọ́run pé n kò ní í jẹ edé mọ́ láéláé, mo tún ní kódà ẹja sọ́díìnì.

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́: ní ọ̀sán Sọ́ńdè, omi ti mọ́ kedere, Àjíbíkẹ́ sì ṣí. Gbogbo ọwọ́ rẹ̀ jáde pátá. Mo fò sókè. Mo ní Ọlọ́run ti bò mí láṣìírí.

Bọ̀dá wọlé ní agogo mẹ́rin. Kọ́láolúwa ló lọ gbé wọn, Àǹtí Tinúadé, àbúrò wọn obìnrin, sì ti wá láti Àkúrẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ìtọrọ. Bọ̀dá kò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tí wọ́n ti dé ìdí omi.

"Àjíbíkẹ́, ọmọ mi, bàbá ti dé o." Wọ́n wò ó títí, wọ́n yíjú sí mi, omi sì wà lójú wọn. "Morọ́lá, o káre. O ṣe bí ọmọ."

Gbogbo wa jókòó. Mo gbé omi tútù sílẹ̀. Bọ̀dá wú ikọ́.

"Ẹ̀yin ẹbí, ẹ mọ̀ pé mo ti sọ pé bí mo bá dé tí mo bá..."

"Bọ̀dá," ni Àǹtí Tinúadé wí, ojú wọn kò kúrò lára gíláàsì, "nǹkan kan ń jáde lẹ́nu ọmọ yín."

Gbogbo wa yíjú. Ẹnu Àjíbíkẹ́ ti là sílẹ̀ gbàgà. Kò yára rárá. Ó kọ́kọ́ ti ohun funfun kan bí ikun jáde, ó sinmi, ó tún ti í. Mo ń sọ nínú ọkàn mi pé, gbé e mì padà, jọ̀ọ́, Àjíbíkẹ́, mo bẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́. Etí kan yọ, ìyókù tẹ̀lé e, ó sì já bọ́ sórí iyanrìn.

Bọ̀dá mú ẹ̀mú. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé e sínú àwo kékeré, wọ́n gbé àwo náà ka orí tábìlì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tútù tí mo gbé wá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ síwájú láti wò ó.

"Bọ̀dá, pọ̀nmọ́ ni."

"Pọ̀nmọ́ kẹ̀? Tinú, inú òkun ni wọ́n ti mú un wá."

"Pọ̀nmọ́ ni mo sọ. Ó ti wọ ọbẹ̀ rí pàápàá. Ẹ wo ibí yìí, ẹ̀fọ́ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn."

Kò sẹ́ni tó pè mí. Fúnra mi ni mo kúnlẹ̀, tẹkúntẹkún.

"Edé dà?" Bọ̀dá bi mí. "Morọ́lá, edé dà?"

"Mo jẹ ẹ́, sà."

"Gbogbo rẹ̀?"

Mo rí Kọ́láolúwa tó rọra gbé ọwọ́ lé ikùn. "Morọ́," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ọbẹ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn?"

Bọ̀dá yíjú sí i. "Ìwọ náà?"

"Bọ̀dá, mi ò mọ̀ o! Ó ní ọjà lòun ti rà á!"

Àǹtí Tinúadé fi gèlè bo ojú, èjìká wọn ń mì. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹkún ni wọ́n ń sun. Ẹ̀rín ni. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá kò rẹ́rìn-ín, wọn kò sì pariwo. Ì bá sàn ká ní wọ́n pariwo.

"Edé kì í ṣe nǹkan," ni wọ́n wí. "Edé pọ̀ lọ́jà. Lọ́jọ́ Fúráìdeè, mo bi ọ́ pé ṣé ó ti jẹun. Kí lo sọ?"

"Mo ní ó ti jẹun, sà."

"O tiẹ̀ ní ó fẹ́ sí i." Wọ́n nu ẹ̀mú náà mọ́, wọ́n gbé e sílẹ̀. "Lọ́jọ́ tí ọmọ àbúrò mi bá wà lọ́wọ́ rẹ tí ebi ń pa á, tí mo bá pè, kí ni wàá sọ fún mi?"

Títí di àkókò yẹn, ẹkún tí mo ń sun, ẹkún ẹni tí wọ́n mú ni. Ìgbà tí wọ́n bi mí ní ìbéèrè yìí ni ẹkún gidi dé.

"Ọ̀rọ̀ ìtọrọ dúró ná," ni Bọ̀dá wí.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe sọ ọ́ fún màmá mi. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ní kí n tún un sọ. "Edé? Morọ́lá, ọkùnrin mìíràn kọ́? Edé?"

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń bẹ Bọ̀dá. Níkẹyìn wọ́n ní kí n máa wá ní Sátidé-Sátidé, kí n máa ra edé fúnra mi, kí n máa fún Àjíbíkẹ́ níṣojú wọn. Mo lọ nínú òjò, mo lọ nínú oòrùn. Ní Sátidé kìíní, bí mo ṣe na ẹ̀mú sí i ló ká jọ. Ní Sátidé kejì, ó gba edé, ó sì tu ú dànù. Bọ̀dá jókòó sórí àga, wọ́n ń wò mí. Ní Sátidé kẹta, ó gbà á, ó mì ín, kò tu ú. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí ìjọba gbà mí síṣẹ́ lọ. Ẹsẹ̀ edé kan ṣoṣo kò kan ẹnu mi láàárín gbogbo ìgbà yẹn, Bọ̀dá lè jẹ́rìí sí i.

Ní Sátidé kẹfà, mo dé ìdí omi, mo figbe ta.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá o! Ó ti di méjì!"

Lóòótọ́, ẹlòmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjíbíkẹ́, kékeré, ó ní ọwọ́ tirẹ̀ àti ẹnu tirẹ̀. Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Tí ìyà bá pọ̀ jù fún wọn nígbà mìíràn, wọ́n á pín sí méjì. Kékeré yìí, ìyà tí o fi jẹ ẹ́ ló bí i."

"Ẹ má bínú, sà."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo kékeré, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni lẹ́tà ìtọrọ dé ọ̀dọ̀ màmá mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ sílé ọkọ, tàbí tí ẹ ti dé ibẹ̀, mo bẹ̀ yín: irọ́ kì í tóbi lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí i. Tèmi kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Pálọ̀ wa ní Jakande kò tóbi, nítorí náà èèyàn bí ogún péré ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìtọrọ. Àwọn ẹbí Kọ́láolúwa kó iṣu wọlé, wọ́n gbé oyin, wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ ẹnu àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni Bọ̀dá wọlé fúnra wọn, wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n faṣọ bò. Ẹ̀rọ kékeré kan ń hó nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú màmá mi.

"Kí wá ni tèyí?" ni màmá mi bèèrè.

"Mà," ni Bọ̀dá dáhùn, ojú wọn le koko, "ọmọ tí ìyàwó wa kọ́kọ́ bí fún wa ni."

Màmá mi, díákónẹ́ẹ̀sì, wo ikùn mi. Gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wo ikùn mi. Pásítọ̀ wú ikọ́.

Bọ̀dá ṣí aṣọ kúrò lórí ọmọ Àjíbíkẹ́. Màmá mi tẹrí ba, wọ́n wo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n wò ó, wọ́n tún un wò.

"Kí ló ń jẹ?"

Bọ̀dá wo Kọ́láolúwa. Kọ́láolúwa wo Àǹtí Tinúadé. Àǹtí Tinúadé ń wá ibi tí wọ́n máa fojú sí. Gbogbo wọn yíjú sí èmi tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Edé, mà," ni mo wí. "Edé nìkan ṣoṣo."